Political Science, International Relations tàbí Public Administration: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù JAMB

Lọ́dọọdún, bí JAMB bá ti ṣílẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀, fóònù mi kì í sinmi. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn ni ọmọ àbúrò ìyá mi pè mí láti kafé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ti ń kanra. Ṣé Political Science ni kí n mú, àbí International Relations? Mọ́mì ní Public Administration ni kí n kọ, pé òun ni wọ́n fi ń wọṣẹ́ ìjọba." Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí èèyàn fi oṣù mẹ́ta rò, ìṣẹ́jú méjì ló fún mi. Mo ní kó mú èyí tó bá wù ú. Ìdáhùn ọ̀lẹ nìyẹn. Èyí tó yẹ kí n fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí.

Political Science ni mo kà, ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ẹni tí a jọ gbé yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ka International Relations. Àbúrò mi obìnrin ka Public Administration. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù ka Political Science ní NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn lè kà láti ilé, lẹ́yìn tó ti bímọ mẹ́ta. Ohun tí mo fojú ara mi rí àti èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni mo ń fi wéra. Ẹ máa rí i pé mo gbè sẹ́yìn ibì kan díẹ̀, mi ò sì fi pa mọ́.

## Ọdún àkọ́kọ́ ò ní tú àṣírí kankan

Ní 100 level, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbẹta. Gbọ̀ngàn kan náà la jọ ń há sí: ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣèlú, ètò ọrọ̀ ajé, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ ilé ìwé, àti ìtàn àwọn ìwé òfin tí òyìnbó fi ṣàkóso wa, ti Clifford ní 1922, ti Richards ní 1946, ti Macpherson ní 1951, ti Lyttelton ní 1954. Ẹni tó ṣe Government ní sẹ́kọ́ńdìrì á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní gbogbo èyí lòun ti kà. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú wa. Máàkì ọdún àkọ́kọ́ wà lára ohun tí wọ́n á rò pọ̀ di èsì àṣekágbá. Níbi tí òdiwọ̀n bá ti jẹ́ 5.00, láti 4.50 ni fọ́ọ̀sì kíláàsì, láti 3.50 ni two-one. Mo mọ ẹni tó jáde pẹ̀lú 3.47, tí gbogbo wa sì mọ̀ pé àwàdà ọdún àkọ́kọ́ ló jẹ ìyókù.

Ọdún kejì ni ọ̀nà ti ń yà.

## Ẹjọ́ kan ṣoṣo, bí oníkálukú ṣe ń gbé e

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, àti pé kò tọ́ kí gómìnà máa fi ìgbìmọ̀ tí aráàlú ò dìbò yàn ṣàkóso wọn. Ẹ gbé ẹjọ́ yìí wọ kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyàtọ̀ wọn á hàn sí yín ju bí ìwé ìpolówó ilé ìwé èyíkéyìí ṣe lè fi hàn.

Lọ́dọ̀ àwọn Public Administration, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni bí owó yẹn ṣe ń rìn. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ abala 162 nínú ìwé òfin ọdún 1999, tó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àjùmọ̀ni tí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ á máa gbà kọjá. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń fọwọ́ sí fáọ́ṣà, iṣẹ́ tréṣọ́rà, iṣẹ́ ọ̀dítọ̀, àti orí tábìlì tí ìwé ti lè sùn fún oṣù mẹ́rin. Àbúrò mi lè ya ọ̀nà tí owó ń gbà láti Àbújá dé káńsù sórí ìwé láìwo ibì kankan. Òun náà ló là mí lójú nípa Údójì. Lẹ́nu àwọn àgbà ilé wa, owó ni Údójì: àjẹsílẹ̀ owó oṣù tí òṣìṣẹ́ ìjọba gbà gbá lẹ́ẹ̀kan náà ní 1975, tí oníkálukú fi ra rédíò àti alùpùpù. Nínú kíláàsì tiwọn, ìgbìmọ̀ Údójì ọdún 1974 gbé àbá ńlá kalẹ̀ lórí bí iṣẹ́ ìjọba ṣe yẹ kó máa wo èso iṣẹ́ ju kó máa ti fáìlì kiri lọ. Àwọn èèyàn gba owó, wọ́n fi àbá sílẹ̀.

Ní tiwa ní Political Science, ẹni tó di okùn àpò mú la máa ń wá. Ta ló fi alága káńsù jẹ? Kí ló dé tí kò lè bá gómìnà jà? Kí sì ló dé tí ará àdúgbò tó ń bínú nítorí owó ẹgbẹ́ tó dín náírà mẹ́wàá kì í bínú bẹ́ẹ̀ sí owó káńsù? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n fi gbé àròkọ ọdún 1975 kan lé wa lọ́wọ́, ti Peter Ekeh, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní gbàgede méjì ni ọmọ Áfíríkà òde òní ń gbé. Gbàgede àwọn tirẹ̀ wà, níbi tí ojú ti ń tini. Gbàgede ìjọba tí òyìnbó dá sílẹ̀ sì wà, níbi tí ojú kì í ti ẹnikẹ́ni. Ẹni kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé. Nígbà kẹta ni mo rántí akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bàbá mi. Ọkùnrin yìí máa ń kọ owó tí wọ́n fi ra omi ìpàdé pàápàá sílẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ tó sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, aago méjìlá ọ̀sán ló ń dé, bí wọ́n bá sì bi í, á ní iṣẹ́ ìjọba, a kì í làágùn un. Àròkọ náà là sí mi lójú ẹsẹ̀. Mi ò tún wo bàbá yẹn bákan náà mọ́. Tí irú nǹkan báyìí bá lè gba oorun lójú yín, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Ẹjọ́ káńsù yìí ò fi bẹ́ẹ̀ kan International Relations, ìyẹn fúnra rẹ̀ á sì ran ẹni tó fẹ́ yàn lọ́wọ́. Tiwọn, láti Sẹ̀mẹ̀ lọ ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2024, Burkina Faso, Mali àti Niger kéde pé àwọn ń kúrò nínú ECOWAS; ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025, wọ́n jáde tán. Kí ni yóò wá ṣe àdéhùn ọdún 1979 tó jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà? Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni oúnjẹ wọn. Alábàágbé mi lè sọ̀rọ̀ Bakassi títí iná á fi lọ tí á fi dé: ìdájọ́ ilé ẹjọ́ àgbáyé tó gbé e fún Cameroon ní 10 oṣù Kẹwàá 2002, ìfilélẹ̀ tó parí ní oṣù Kẹjọ 2008. Èyí tó mú mi jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ti Kétu àti Ṣábẹ, àwọn ìlú Yorùbá tó wà ní Benin báyìí, tí àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ọdún 1889 pín sí ọ̀dọ̀ Faransé. Ìyá ìyá rẹ̀ ọmọ Kétu ni. Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ìyá náà ní ará òkèèrè, kíláàsì ló sì ti wá mọ̀ pé ìyá ò rìn lọ síbì kankan, ààlà ló rìn wá bá wọn nílé.

## Ìwé, ìṣirò àti prójẹ́ẹ̀tì

Political Science ló ń kàwé jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Plato, Hobbes, Rousseau, Marx, ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, lẹ́yìn náà ni àwọn tiwa nílé. Ẹni tí ojú ewé mẹ́wàá bá ti sú á rí i. International Relations ń ka ìtàn àti àdéhùn, èdè Faransé sì wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé. Public Administration fúyẹ́ ní ti èrò jíjinlẹ̀, ó wúwo ní ti àkọ́sórí: orúkọ ìgbìmọ̀, ọdún, ìlànà, ipò òṣìṣẹ́. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tó ń ṣe òun bíi kí òun máa sùn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ọmọ JAMB ni ti ìṣirò. Ọ̀pọ̀ wa ló sá fún ìṣirò wá síbẹ̀. Ìṣirò ti jókòó dè wá ní ọdún kejì. Statistics wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣèwádìí. Ẹgbẹ́ wa ń sunkún. Mo fi E kọjá ní ìgbà àkọ́kọ́, mo sì dúpẹ́.

Ní ọdún kẹrin, prójẹ́ẹ̀tì ló ń fi irú ẹni tí ẹ jẹ́ hàn. Mo tẹ fọ́ọ̀mù ìbéèrè 120, mo gbé e wọ wọ́ọ̀dù mẹ́ta láti bi àwọn èèyàn ìdí tí wọn kì í fi í jáde dìbò káńsù. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ yẹ fọ́ọ̀mù náà wò síwá sẹ́yìn.

"Ẹgbẹ́ wo lo ti wá?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí o, Mà."

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn. Èló lẹ mú wá?"

Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ló padà sọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo jókòó kà wọ́n lálẹ́, mọ́kàndínlógún nínú wọn jẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ló jókòó tó kọ gbogbo rẹ̀ nítorí àánú mi ṣe é. Mo dà wọ́n nù, mo padà lọ, mo ra èlùbọ́ kóńgò kan kí ìyá tó dáhùn. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà nípa ìdìbò káńsù ló jẹ́ orí kẹrin prójẹ́ẹ̀tì mi, ó sì sàn ju gbogbo táàbù tí mo yà sínú rẹ̀ lọ.

Alábàágbé mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún tirẹ̀. Ó wọ mọ́tò lọ sí Victoria Island, sí ilé ìkàwé NIIA, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tó ti wà láti 1961, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ka ìwé ìròyìn àtijọ́. Àbúrò mi ní tirẹ̀ mú lẹ́tà ẹ̀ka wọn lọ sí ọ́fíìsì kan láti wo bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ sí iṣẹ́. Ó lé ní oṣù kan tí wọ́n ń ní kó padà wá lọ́la. Ẹ wo ara yín dáadáa: ṣé ọjà lẹ fẹ́ lọ ni, àbí ilé ìkàwé, àbí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá kan pẹ̀lú sùúrù?

## Orúkọ ilé ìwé

Ìbàdàn lórúkọ nínú Political Science láti ayé Billy Dudley, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ni níbẹ̀. Ifẹ̀ lórúkọ nínú Public Administration láti ìgbà Institute of Administration tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963, níbi tí Adébáyọ̀ Adédèjì ti jẹ́ olórí. Ní Ifẹ̀ títí dòní, International Relations àti Public Administration jọ wà lábẹ́ Faculty of Administration ni, Political Science sì wà ní tirẹ̀ ní Social Sciences. Nǹkan bí èyí ṣe pàtàkì, torí ẹni tó bá jọ wà ní fákọ́tì ni ẹ máa jọ ṣe kíláàsì.

Ṣùgbọ́n Dudley ti kú láti 1980. Orúkọ tí àwọn àgbà dá sílẹ̀ kọ́ ni yóò máa máàkì ìwé yín. Nílé ìwé tiwa, olùkọ́ kan wà tó ń ta hándáàtì, tó sì ń kọ orúkọ àwọn tó rà á sínú ìwé kan. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìwé náà wà fún. Òmíràn wà ní ọ́fíìsì kejì sí i tó máa ń fi owó ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà àròkọ fún wa. Ẹ̀ka kan náà ni o. Ẹ bá ọmọ 400 level sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ ilé ìwé sílẹ̀. Ẹ bi í pé ta ló ń bójú tó prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìgbà mélòó ni wọ́n rí ara wọn láàárín oṣù tó kọjá, ta ló ń kọ́ wọn ní statistics. Ẹ tún bèèrè nípa ìdá 30: lábẹ́ ìlànà tuntun tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde ní òpin 2022, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń kọ́ jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìdá 30 tirẹ̀ kún un. Ibi tí ilé ìwé kan ti yàtọ̀ sí èkejì lórí ìwé nìyẹn.

Ní ti àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì JAMB, ẹ wo IBASS, ojú òpó JAMB tó ń fi ohun tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ń bèèrè hàn, kí ẹ má gba ẹnu ọ̀rẹ́ gbọ́. Government tàbí History ni ọ̀pọ̀ ń bèèrè fún Political Science. Public Administration máa ń fa Economics àti Mathematics wọlé ní ibi púpọ̀.

## Mọ́mì àti iṣẹ́ ìjọba

Ọ̀rọ̀ Mọ́mì kì í ṣe irọ́ pátápátá, ó kàn ti pẹ́. Ipele 08 ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba, ó ka Public Administration o, ó ka Political Science o. Ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè náà kì í gba àwọn tó ka International Relations nìkan. Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, inú fáìlì ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló ti dàgbà di olórí àwọn òṣìṣẹ́ kó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní UN ní 1962. Adédèjì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀jọ̀gbọ́n Public Administration ni, òun náà ló sì wà lára àwọn tó ṣètò ìsìnrúùlú ní 1973 àti ECOWAS ní 1975. Àwọn tó ka Political Science ló pọ̀ lórí àga àjọ elétò ìdìbò fún ìgbà pípẹ́: Eme Awa, Humphrey Nwosu tó ṣe ìdìbò June 12, Attahiru Jega. Mahmood Yakubu tó di alága lẹ́yìn Jega ní 2015, ìtàn lòun kà. Ẹ rí i pé ilẹ̀kùn ò tì mọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwa kékeré ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ọjà ni mo wà, statistics tí mo fi E kọjá ló ń bọ́ mi, mo ní láti tún un kọ́ lórí YouTube. Alábàágbé mi ń ṣe kílíárínsì ní Àpápá, Faransé rẹ̀ ló fi ń bá àwọn ará Kùtọ̀nu dúnàádúrà. Àbúrò mi ń ṣàkóso ilé ìwòsàn aládàáni kan. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó wọ iṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀gbọ́n tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbé sókè.

## Ọgbà ilé ìwé tàbí NOUN

Ìtàn NOUN gan-an tó prójẹ́ẹ̀tì: wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í ní 1984, ìgbà Ọbásanjọ́ ló tó jí padà. Lónìí, ẹ lè wa ìwé kọ́ọ̀sì wọn sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, kódà bí ẹ ò bá forúkọ sílẹ̀. Mo ń gba ẹni tó bá ń ṣiyèméjì níyànjú pé kó wa ti ọdún kejì kó sì kà á. Bí ó bá sú u, ó ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ka tirẹ̀ láago márùn-ún òwúrọ̀ kí àwọn ọmọ tó jí. Iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní TMA kó ìdá 30, ìdánwò kó 70. Kò sí olùkọ́ tí yóò máa wo ojú yín, kò sì sí ẹni tí yóò bá yín jiyàn. Àyípo ọ̀rọ̀ tí mo gbádùn jù nínú Political Science, ìyẹn kí ẹnìkan dìde lẹ́yìn kó ní "Sà, mi ò gbà," òun ò ní i. Ó máa ń pè mí lálẹ́ kó lè rí ẹni bá jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ASUU ti ilé ìwé fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, láti 14 oṣù Kejì dé 14 oṣù Kẹwàá, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣèdánwò lọ ní tirẹ̀. Èmi náà mọ adùn irú ìsinmi tipátipá bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wà lábẹ́ ogún ọdún tí owó sì wà, ọgbà ni. Bí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín NOUN lójú yín. Ìgbà tí ẹ máa jáde nìkan ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un.

## Bí ẹ bá ti ṣì í yàn

Ọ̀nà wà láti yí padà lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, máàkì yín ló máa sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dun àwọn èèyàn ni pé wọ́n á padà wá ṣe àwọn kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka tuntun ti ṣe ṣíwájú wọn, èyí sì lè fi odidi ọdún kan kún un.

Ọmọ àbúrò ìyá mi kọ International Relations lọ́jọ́ kafé yẹn torí orúkọ rẹ̀ dùn létí. Ó ti wà ní 200 level báyìí, ó sì pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ti gba fọ́ọ̀mù láti kọjá sí Political Science. Mo bi í bóyá ó ti buwọ́ lù ú. Ó ní rárá, pé òun fẹ́ kọ́kọ́ yọ́ jókòó sẹ́yìn nínú kíláàsì statistics wọn lọ́jọ́ Ẹtì.